Ilẹ̀kùn Wo Ni Ká Kàn? Aráàlú àti Ìjọba Mẹ́ta ní Kánádà

Ní ọdún 1999, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí ìdílé àwọn Cree, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀, tó ń gbé ní Norway House, ní àríwá Manitoba ní Kánádà. Jordan River Anderson ni orúkọ rẹ̀. Àìsàn tó bá a wáyé le, ó sì díjú. Norway House kò ní ohun èlò tí wọ́n lè fi tọ́jú irú rẹ̀, nítorí náà ilé ìwòsàn ní Winnipeg ló ti ń dàgbà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì, àwọn dókítà sọ pé ara rẹ̀ ti gbé e débi tó lè kúrò níbẹ̀, kó lọ máa gbé nínú ilé lọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́ tó mọ ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ta ni yóò máa san owó ìtọ́jú náà?

Ìbéèrè yẹn ni kò rí ìdáhùn. Ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ní ti Manitoba ni. Manitoba ní ti Ottawa ni. Ó lé ní ọdún méjì tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ náà sí ara wọn lọ́rùn, tí ọmọ sì wà lórí ibùsùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, Jordan kú sí ilé ìwòsàn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Kò sun ilé rí, àní fún òru ọjọ́ kan.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbà méjì ló wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, owó sì wà lápò àwọn méjèèjì. Nígbà tí àwa Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ Kánádà, ibòmíràn la sábà máa ń gbà wọ̀ ọ́: otútù ibẹ̀, owó iṣẹ́ ibẹ̀, bí físà ṣe ń jáde sí. Kò sí èyí tí kò ṣe pàtàkì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ibẹ̀ ṣe ń bá ènìyàn lò lójoojúmọ́, àfi kó kọ́kọ́ mọ bí ọmọ kan ṣe lè kú sáàárín ìjọba méjì tí kò sí èyí tó kórìíra rẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1867. Ọjọ́ yẹn ni òfin tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù so Ontario, Quebec, Nova Scotia àti New Brunswick pọ̀ di Kánádà. Àwọn tó ń so pọ̀ yìí kò fọkàn tán ara wọn tán. Quebec ń sọ Faransé, ó ń ṣe ẹ̀sìn Kátólíìkì. Kò fẹ́ kí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ jù ú lọ máa pàṣẹ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn fún un. Wọ́n wá pín iṣẹ́ bí àwọn ọmọ bàbá kan ṣe ń pín oko. Abala 91 nínú òfin náà ka ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀: ọmọ ogun, owó níná, ilé ìfìwéránṣẹ́, òfin ọ̀daràn, àti gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Indian nígbà náà. Abala 92 ka ti ìpínlẹ̀: ilé ìwòsàn, ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun ìní. Abala 93 fi ilé ìwé kún un.

Ẹ wo ibi tí ìyẹn gbé Jordan sí. Ọmọ Cree ni, nítorí náà ó di ti Ottawa. Ara rẹ̀ kò yá, nítorí náà ó di ti Manitoba. Bí ó bá jẹ́ ọmọ òyìnbó ní Winnipeg ni, Manitoba ì bá ti sanwó láìbéèrè. Ìlà tí àwọn àgbàlagbà fà láàárín oko ní 1867 ló gba àárín ibùsùn ọmọdé kọjá.

Ìpínlẹ̀ ti di mẹ́wàá báyìí, Newfoundland ló wọlé kẹ́yìn ní 1949, àgbègbè mẹ́ta sì wà ní àríwá tí wọn kò kà mọ́ ìpínlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Nunavut, tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn Inuit, bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìjọba rẹ̀ ṣe ní 1999, ọdún tí wọ́n bí Jordan gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìpínlẹ̀ Kánádà wé ti Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ gómìnà wa, bí a bá yọ ti Èkó kúrò, ojú Àbújá ni wọ́n ń wò lóṣooṣù. Ti Kánádà kò rí bẹ́ẹ̀: epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Alberta, Alberta ló ń gba owó ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olúkúlùkù ìpínlẹ̀ ló ní owó orí tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń bá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbà á pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Quebec kò gbà. Fúnra rẹ̀ ló ń gba tirẹ̀, ará Quebec sì ń kọ ìwé owó orí méjì lọ́dún, ọ̀kan fún Ottawa, ọ̀kan fún Quebec.

Ìjọba kẹta ni ti ìlú, òun ló sì sún mọ́ ènìyàn jù, òun ló tún ní agbára tó kéré jù. Òfin 1867 kò fún un ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ ló dá a, ìpínlẹ̀ sì lè tún un dá. Toronto rí èyí ní 2018. Wọ́n ti ń polongo ìbò lọ́wọ́ láti yan kánsẹ́lọ̀ 47 nígbà tí ìjọba Ontario ṣe òfin tó sọ ọ́ di 25. Ìlú gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Ní 2021, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Ontario láre, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin.

Àwọn Yorùbá tó ti kó lọ sí Brampton, Winnipeg, Calgary tàbí Edmonton máa ń mọ ilẹ̀kùn mẹ́ta yìí kí wọ́n tó mọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò kọ́kọ́ gba nọ́ńbà oníhóró mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní SIN lọ́dọ̀ Service Canada. Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Ó ti wà láti 1964, kò sì sí agbanisíṣẹ́ tí kò ní béèrè rẹ̀. Láti 2014, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì oníke mọ́. Káàdì ìlera, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni. Ìwé ìwakọ̀, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni. Ẹni tó bá kó kúrò ní Ontario lọ sí Alberta yóò pààrọ̀ méjèèjì. Bí àwọn akólẹ̀ kò bá wá, tàbí tí yìnyín bo títì tí ọkọ̀ tó ń kó o kò kọjá, ìjọba ìlú ló ni ẹjọ́, 311 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Toronto àti Calgary. Ẹni tó bá lọ bá aṣojú-ṣòfin Ottawa nítorí kòtò ojú títì ti kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó di kánsẹ́lọ̀ mú nítorí físà ìyàwó rẹ̀.

Quebec tún yà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Àdéhùn tó bá Ottawa ṣe ní 1991 fún un lágbára láti fúnra rẹ̀ yan àwọn tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú Faransé ló sì fi ń wò wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Yorùbá láti Kétu tàbí Sákétéé ní Benin tó ń sọ Faransé fi lè rí ọ̀nà Montréal ju ti Toronto lọ, tí ìbátan rẹ̀ láti Ìmẹ̀kọ, tí ẹnubodè nìkan ló là wọ́n láàárín, yóò sì gba Calgary lọ. Láti 1969 ni òfin ti sọ pé àwọn ọ́físì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lè dá aráàlú lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé. Ọ́físì ìjọba Quebec kò sí lábẹ́ ìyẹn. Òfin tí Quebec ṣe ní 2022 ní pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí àjèjì bá dé, Faransé ni ìjọba yóò máa fi bá a sọ̀rọ̀, àyàfi nínú àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ bíi ti ìlera. Oṣù mẹ́fà kéré jọjọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí, tó tún ń tọ́ ọmọ.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí á dúró díẹ̀, nítorí owó ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń há síbẹ̀. Láti oṣù Keje 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń san owó ọmọ tí wọ́n ń pè ní Canada Child Benefit. Ó ń wọlé lóṣooṣù fún òbí tó bá ní ọmọ tí kò tíì pé 18, bí ohun tó ń wọlé fún ìdílé bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni owó náà ń dín kù. Ibo ni ìjọba ti ń mọ ohun tó ń wọlé fún ìdílé? Nínú ìwé owó orí ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí 30 oṣù Kẹrin tó kọjá. Ìyá tí kò rí iṣẹ́ ṣe lọ́dún náà lè sọ pé òun kò jẹ gbèsè owó orí, kí ni òun fẹ́ kọ? Bí kò bá kọ ọ́, owó ọmọ yóò dúró. Òun tí kò ní iṣẹ́ yìí gan-an ló sì nílò owó náà jù. Bí àsìkò owó orí bá dé, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn máa ń jókòó káàkiri ìlú láti bá àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀ kọ ìwé yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ètò tí ìjọba fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Ìkéde tó yẹ kí ó máa jáde lórí pẹpẹ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa níbẹ̀ nìyí, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin.

Ó tó àsìkò ká padà sí Winnipeg. Ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún ṣáájú Jordan, ọmọdékùnrin mìíràn dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn ní ìlú kan náà. Scotland ni wọ́n ti bí i, Tommy Douglas ni orúkọ rẹ̀. Àrùn ti wọ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ kò lówó, gígé ni wọ́n sì fẹ́ gé ẹsẹ̀ náà. Oníṣẹ́ abẹ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló rí i, tó ní òun yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun wá wò ó. Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà mọ́. Ọmọ náà dàgbà, ó di pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì di olórí ìjọba Saskatchewan ní 1944. Kò gbàgbé pé oríire ni òun fi ń rìn, kì í ṣe ẹ̀tọ́, ó sì sọ ọ́ káàkiri pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kankan.

Saskatchewan ló kọ́kọ́ ní kí ìjọba máa san owó dókítà fún gbogbo ará ìpínlẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1962 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí Douglas ti gbé ipò sílẹ̀ fún Woodrow Lloyd. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 23 ni wọ́n fi yan iṣẹ́ lódì. Ìjọba kò yí padà, àwọn méjèèjì jókòó sọ̀rọ̀, ètò náà sì dúró. Ní 1966, Ottawa ṣe òfin pé ìpínlẹ̀ tó bá ṣe bíi Saskatchewan yóò rí owó ìrànwọ́ gbà, nígbà tó fi máa di 1972 gbogbo wọn ti wọlé. Òfin 1984 wá dí ihò tó kù: dókítà kò gbọdọ̀ gba àfikún owó lọ́wọ́ aláìsàn lórí iṣẹ́ tí ìjọba ti sanwó rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá gbà á láyè, Ottawa yóò yọ owó rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tó ń jẹ́ káàdì ìlera Kánádà. Ti Ontario wà, ti Manitoba wà, ti olúkúlùkù wà. Ẹni tó gbọ́ nílé pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò dé bá ìyàlẹ́nu: eyín kò sí nínú rẹ̀, oògùn tí a ń rà ní ilé ìtajà oògùn kò sí nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ìparí 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn ìdílé sílẹ̀ fún ìtọ́jú eyín, bí owó wọn kò bá tó 90,000 dọ́là lọ́dún tí wọn kò sì ní ìbánigbófò eyín. Ọ̀pọ̀ ló sì wà, ọmọ onílẹ̀ àti àjèjì, tí wọ́n ní káàdì lọ́wọ́ tí wọn kò rí dókítà ìdílé kankan tó lè gbà wọ́n.

Káàdì tí Douglas tìtorí ẹ̀ jà kò ran Jordan lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2007, gbogbo ilé aṣojú-ṣòfin ní Ottawa fohùn ṣọ̀kan lórí àbá kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní, Jordan's Principle. Ohun tó sọ kò ju pé bí ọmọ ìbílẹ̀ bá nílò ìtọ́jú tàbí ìrànwọ́, ìjọba tí wọ́n bá kọ́kọ́ kàn lára ni kó sanwó. Kí wọ́n tọ́jú ọmọ ná, kí wọ́n tó jà nípa owó.

Àbá yàtọ̀ sí òfin. Àwọn ọ́físì fún ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé agbára káká ni ọmọ kan fi lè bọ́ sínú rẹ̀. Ní Pictou Landing ní Nova Scotia, ìyá kan tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, tí kò lè dá ọmọ rẹ̀ aláàbọ̀ ara gbé mọ́, ní láti dúró níwájú adájọ́ kí àwùjọ rẹ̀ tó lè rí owó olùtọ́jú gbà padà lọ́wọ́ Ottawa. Ó jàre ní 2013. Arábìnrin Cindy Blackstock, ọmọ ìbílẹ̀ Gitxsan tó ti ń ṣiṣẹ́ ìgbèjà ọmọdé tipẹ́, àti àjọ àwọn olóyè ìbílẹ̀ ti gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ìgbìmọ̀ adájọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti 2007. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹjọ́ náà gbà. Ní oṣù Kìíní 2016, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ìjọba ń ṣe ojúsàájú sí àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ó sì pàṣẹ kí wọ́n lo àbá Jordan bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kẹwàá 2023, kóòtù fọwọ́ sí owó gbà-máà-bínú tó lé ní bílíọ̀nù 23 dọ́là fún àwọn ọmọ àti ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Èyí ni ohun tí àròkọ yìí fẹ́ kí ó yé ènìyàn nípa Kánádà. Kì í ṣe pé ìjọba ibẹ̀ kì í ṣìṣe. Ó ń ṣìṣe, àṣìṣe rẹ̀ sì ti pa ọmọ. Ohun tó ní ni àwọn ibi tí a ti lè mú un lọ́wọ́ béèrè. Àwọn ibi wọ̀nyẹn kì í yára. Wọn kì í sì í dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn, àfi bí ẹnìkan bá tẹra mọ́ kíkan ilẹ̀kùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba alára mọ èyí. Ní oṣù Kejì 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tuntun láti san owó oṣù fún nǹkan bí 290,000 òṣìṣẹ́. Phoenix ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní yóò dín ìnáwó kù ní mílíọ̀nù 70 dọ́là lọ́dún, wọ́n sì ti dá ọ̀pọ̀ akọ̀wé owó tó mọ iṣẹ́ náà dúró kó tó bẹ̀rẹ̀; wọ́n wá kó iṣẹ́ náà fún àwọn díẹ̀ ní Miramichi ní New Brunswick. Ẹ̀rọ náà kò san owó fún àwọn kan rárá. Ó san àbọ̀ fún àwọn mìíràn. Ó san ju bó ṣe yẹ lọ fún àwọn kan, tí ìjọba wá ń béèrè owó náà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti ná an. Ẹni tó ń ti ìsinmi ìbímọ bọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbéga, àwọn ló jìyà rẹ̀ jù, nítorí ìyípadà díẹ̀ nínú ìwé wọn ló ń da ẹ̀rọ náà rú.

Michael Ferguson ni ọ̀gá àgbà aṣàyẹ̀wò owó ìjọba nígbà náà. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń yan ẹni tó bá wà nípò yìí fún, ilé aṣòfin ló sì ń jíṣẹ́ fún, kì í ṣe mínísítà. Ní oṣù Karùn-ún 2018 ó kọ ọ́ sínú ìwé fún gbogbo ayé pé ìkùnà Phoenix kò ṣeé lóye: àwọn ọ̀gá mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò tíì pé, wọ́n gé àyẹ̀wò rẹ̀ kúrú kí owó má bàa pọ̀ sí i, wọ́n sì tan án. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gba owó gbà-máà-bínú lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní 2025, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ṣì fi ń sanwó. Ẹni tó ń bẹ níbẹ̀ tí kò tíì rí owó rẹ̀ gbà kò ní ka ìròyìn Ferguson sí oúnjẹ.

Síbẹ̀ irú ìròyìn yẹn ti lé ìjọba lọ rí. Ní oṣù Kejì 2004, Sheila Fraser, tó wà nípò náà ṣáájú Ferguson, tú àṣírí ètò ìpolówó kan ní Quebec: nínú mílíọ̀nù 250 dọ́là tí wọ́n ná, ó lé ní mílíọ̀nù 100 tó wọ àpò àwọn ilé iṣẹ́ ìpolówó, tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì hàn síta. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, adájọ́ Gomery ló ṣe alága rẹ̀, àwọn aráàlú sì ń wo ìjókòó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ Liberal tó ń ṣèjọba pàdánù ìbò ní oṣù Kìíní 2006.

Aráàlú lásán náà ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Òfin kan tó ti wà láti 1983 gbà kí ẹni tó bá wà ní Kánádà san dọ́là 5, kó béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n sábà máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń gba físà ló mọ òfin yìí jù nínú àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí wọ́n kọ físà rẹ̀ ní Èkó, tí lẹ́tà tó gbà kò ju ìlà mélòó kan lọ, lè ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kánádà bá òun béèrè ohun tí ẹni tó wo fáìlì náà kọ síbẹ̀. Bí ó bá dé, yóò rí ìdí gan-an: ìwé báńkì tí wọn kò gbà gbọ́, tàbí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà tí kò bá iṣẹ́ tó ń ṣe mu. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní padà lọ ní ìfọ́jú.

Ọ́físì kékeré kan tún wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn ìṣèlú kì í sábà dárúkọ. Láti ìbò 2025, agbègbè ìdìbò 343 ló wà ní Kánádà, aṣojú-ṣòfin kọ̀ọ̀kan sì ní ọ́físì nílé, láàárín àwọn tó yàn án. Àwọn akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìwé ìrìnnà tí kò jáde, físà ìyá tó fẹ́ wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú abiyamọ, owó ìfẹ̀yìntì bàbá àgbàlagbà tó dúró lójijì: iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé yóò fọwọ́ sí ìwé tó gbà wọ́n láyè láti béèrè nípa fáìlì rẹ̀. Wọn kò lè pàṣẹ fún ẹni tó ń ṣe físà, wọ́n kàn lè béèrè ni: kí ló dá ìwé yìí dúró, kí ló kù tí kò mú wá? Ìbéèrè yẹn nìkan máa ń tó nígbà mìíràn. Ẹni tó wọlé kò mú ẹ̀bùn lọ́wọ́, wọn kì í sì í bi í pé ta ló dìbò fún. Ẹni tí kò tíì di ọmọ Kánádà, tí kò lè dìbò rárá, ń wọlé síbẹ̀ bíi ti onílé. Ẹni tó ti gbé nílẹ̀ wa, tó mọ ohun tí à ń pè ní «o mọ ẹnìkan níbẹ̀?», yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti tóbi tó.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2022, àwọn tí kòrónà ti há mọ́lé fún ọdún méjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti gba ìwé ìrìnnà. Ìlà gùn yí ilé ká ní Montréal, Toronto àti Vancouver. Àwọn kan sun ìta mọ́jú. Ọ́físì àwọn aṣojú-ṣòfin ni ìpè rọ́ lù, títí kan ti àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ìjọba, àwọn yẹn ló sì ń gbé ohùn wọn lọ bá mínísítà wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ̀wé dípò kó pè, lẹ́tà sí aṣojú-ṣòfin ní ilé ìgbìmọ̀ ní Ottawa kò gba sítáǹbù. Bí ènìyàn 25 bá fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ lórí bébà tí aṣojú-ṣòfin kan sì gbé e wọlé, ìjọba gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 45.

Ìbò ló kù. Ẹni tó bá ti gba ìwé ìgbé-ayé, tó sì ti gbé Kánádà fún ọjọ́ 1,095 láàárín ọdún márùn-ún, lè béèrè láti di ọmọ ibẹ̀. Bí kò bá tíì pé ọdún 55, yóò dáhùn ìbéèrè 20 lórí ìtàn àti òfin ilẹ̀ náà, kó gba 15 ó kéré tán. Lẹ́yìn ìbúra ló tó lè dìbò sí Ottawa. Orúkọ olóòtú ìjọba kò sí nínú ìwé ìdìbò tí wọn yóò fún un, àyàfi bí ó bá ń gbé ní agbègbè ẹni náà. Aṣojú kan ni yóò yàn fún agbègbè rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá lè rí ìtìlẹ́yìn ilé ni yóò ṣe ìjọba, olórí ẹgbẹ́ náà ni yóò di olóòtú. Mark Carney di olóòtú ìjọba ní oṣù Kẹta 2025 láìsí agbègbè kankan tó tíì yàn án rí. Ní 28 oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ rẹ̀, Liberal, wọlé, ṣùgbọ́n ìjókòó wọn kò pé ìdajì. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, Pierre Poilievre, olórí ẹgbẹ́ alátakò, pàdánù agbègbè Carleton rẹ̀. Orúkọ olùdíje 91 ló wà lórí ìwé ìdìbò ibẹ̀.

Bébà àti pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń dìbò, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, lójú àwọn aṣojú ẹgbẹ́. Ẹni tí kò ní ìwé tó fi ibùgbé rẹ̀ hàn lè mú aládùúgbò wá kó jẹ́rìí sí i. Ní agbègbè Terrebonne nítòsí Montréal, wọ́n kọ́kọ́ ní Liberal ló wọlé. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé wò, ẹgbẹ́ Bloc Québécois ló fi ìbò 44 borí. Adájọ́ wá tún gbogbo rẹ̀ kà ní oṣù Karùn-ún: Liberal 23,352, Bloc 23,351.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sọ fún àwọn oníròyìn pé òun dìbò fún Bloc, òun fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n àpò ìwé náà padà sí ilé òun láìṣí. Àjọ elétò ìdìbò yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára àpò náà kò tọ̀nà, ọ́físì wọn níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣi í kọ, àjọ náà sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Olùdíje Bloc tó fi ìbò kan ṣoṣo pàdánù gbé ọ̀rọ̀ àpò ìwé yẹn lọ sí kóòtù.